Ẹ Bá Wa Fa Ìlà Sáàárín Àtúnṣe àti Olè: Lẹ́tà Ṣíṣí lórí Ṣíìpù Ẹ̀rọ Géèmù

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Tó Ń Bójú Tó Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà, ní Àbújá. Àti sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ géèmù nílé tàbí tí ẹ ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́.



Ọmọ iṣẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì mú débi pé ó máa ń rí ibi tí òjé ti là lórí pánẹ́ẹ̀lì kí èmi tó wá awò mi jáde. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tú ẹ̀rọ géèmù kan kalẹ̀ lórí tábìlì wa. Ìyá kan ló gbé e wá, ó ní ọmọ òun ń múra ìdánwò, òun sì ti ṣèlérí pé bó bá parí, yóò bá ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Dráíìfù rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń gba CD wọlé, ló ti kú. A rí òmíràn tó dáa lára ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti jóná, a yọ ọ́, a fi í sí i. Ó ń yí, lẹ́ǹsì rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kò ka CD kankan. Ọmọ náà mọ̀dí ẹ̀: àlejò la mú wọlé, onílé kò sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohun tó yẹ ká ṣe pẹ̀lú. Ó fi irin tó fi ń jó òjé sílẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní: “Ọ̀gá, ṣé òfin ò ní mú wa báyìí?”

Mi ò rí èsì fún un. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, l'Álábà ni mo ti kọ́ ọ, ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣe é. Mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀, mo ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù fún wọn, mo ti súre fún wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi, àfi èyí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀bẹ̀ mi ò gùn. Ẹ sọ fún wa, lórí ìwé, ní èdè tó yé wa, ibi tí àtúnṣe parí sí àti ibi tí olè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ṣíìpù tí à ń jó mọ́ ẹ̀rọ géèmù jẹ́, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ńlá bí ẹni pé oògùn ni. PlayStation àkọ́kọ́, èyí tí Sony gbé jáde ní Jàpáàní ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ni gbogbo wa fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yìn CD rẹ̀ dúdú kirikiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dúdú yẹn ni àgádágodo rẹ̀, pé òun ni kò jẹ́ ká lè da àwo náà kọ. Kì í ṣe òun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ àwo náà, lápá inú níbi tí lẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ ń wò, wọ́n mú kí ipa tó ń tọ̀ máa mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mímì yẹn ní ohun tó ń sọ. Lẹ́tà mẹ́rin ló ń pè: SCEI bó bá jẹ́ àwo ti Jàpáàní, SCEA bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, SCEE bó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ CD nílé kò lè kọ mímì yẹn, torí àwo òfìfo ti ní ipa tirẹ̀ tí wọ́n ti là sí i lára láti ilé iṣẹ́. Bí PlayStation bá wo ibẹ̀ tí kò gbọ́ lẹ́tà mẹ́rin tó ń retí, kò ní ṣí ilẹ̀kùn.

Ṣíìpù tí à ń sọ kò ju èékánná ìka kékeré lọ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Wáyà mélòó kan la fi ń jó o mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju pé kó máa pe lẹ́tà mẹ́rin yẹn sí ẹ̀rọ létí ní àkókò tó yẹ, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè tó ń bá àlejò dá ọ̀rọ̀ àṣírí padà. Kò da nǹkan kan kọ. Kò jí nǹkan kan. Ó kàn ń sọ pé “àwa nìyí” ni.

Ẹ kíyè sí i pé nǹkan méjì ni lẹ́tà yẹn ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà: ṣé ojúlówó ni ọ́, àti níbo ni wọ́n ti rà ọ́? Ìbéèrè kejì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ fún àwa tó jẹ́ pé ọjà tòkunbọ̀ la ń lò. Mo rántí ọkùnrin kan ní Súrùlérè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ẹ̀rọ bọ̀ fún un láti Houston, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì fi CD mẹ́ta ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù, ojúlówó, nínú páálí wọn, rìsíìtì wọn wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣiṣẹ́. Ó rò pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́ ni, ó gbé e fún mi. Kò sóhun tó ṣe é. Ará Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí ará Yúróòpù ni. Mo jó ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan sí i, ó gba gbogbo wọn wọlé. Ta la rẹ́ jẹ lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tó ṣe géèmù gba owó rẹ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ gba tirẹ̀. Ìdílé kan tó fọ́n ká sí ìlú mẹ́ta nítorí iṣẹ́ àti oúnjẹ ló fẹ́ kó ẹ̀bùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ síra wọn pọ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Gbogbo oníbàárà mi kọ́ ni ọkùnrin Súrùlérè.

Nígbà tí PlayStation 2 dé, tó sì kún ìgboro lẹ́yìn ọdún 2000, owó wọlé fún wa. Ṣíìpù tirẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ: àwọn kan ń gba nǹkan bí ogún wáyà, ó tín-ín-rín bí irun, orí ìlà bàbà tí èémí lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ká kúrò la sì ń jó o sí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé géèmù wà ní gbogbo àdúgbò nígbà náà, ní Mushin, ní Agége, ní Bàrígà: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọkùnrin tó ń san owó bọ́ọ̀lù eré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pariwo bí ẹni wà ní pápá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo ṣe fún wọn, ayédèrú CD ni wọ́n fẹ́ fi sínú wọn. Mo mọ̀. Kì í ṣe pé mo kàn mọ̀: èmi náà ń tà á. Ògiri ṣọ́ọ̀bù mi kún fún un, nínú ọ̀rá, pẹ̀lú bébà tí wọ́n tẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn tó ṣe é wà lọ́nà jíjìn, pé wọ́n lówó, pé wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń bẹ láyé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọrin fújì. Ọdún méjì ló fi tọ́jú owó tó fi ṣe àwo rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwo náà jáde tí wọ́n fi ń ta ayédèrú rẹ̀ lábẹ́ afárá Ọ̀ṣòdì, ó dínwó ju tirẹ̀ lọ, ọjà tirẹ̀ sì kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó gbé ojú sókè, ó wo ògiri mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò bú mi. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí n bá òun dá ọkọ̀ dúró. Oṣù mélòó kan ṣì kọjá kí n tó já àwọn CD yẹn kúrò lára ògiri, torí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo ògiri náà kí ojú má tì mí.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kí ẹ dijú sí olè ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ tiwa náà ń ṣe géèmù. Ilé iṣẹ́ Maliyo Games ti wà l'Ékòó láti ọdún 2012. Bí ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, tó ń ṣe eré tó ní ọkọ̀ dáńfó àti èdè wa nínú, bá fẹ́ jẹun nídìí rẹ̀, ó nílò òfin tó le. Ẹ jẹ́ kó le. Mo fara mọ́ ọn.

Mo sì mọ ibi tí òfin náà ti wá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe nípa ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Geneva lọ́dún 1996 ló ní kí gbogbo wọn dáàbò bo àgádágodo orí kọ̀ǹpútà. Nàìjíríà fọwọ́ sí i tán pátápátá lọ́dún 2017. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ka fífọ́ irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ó sì ka títa irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún fífọ́ ọ léèwọ̀ pẹ̀lú. Òfin yìí kan náà ló rántí àwọn afọ́jú, tó jẹ́ kí wọ́n lè sọ ìwé di ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ kà tàbí fi etí gbọ́ láìjẹ̀bi. Ó wú mi lórí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹni tó lè ronú kan afọ́jú tó fẹ́ kàwé lè ronú kan ọmọ iṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ohun tó mú kí àtúnṣe àti olè jọ ara wọn nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ayé ẹ̀rọ géèmù Xbox 360, tó jáde lọ́dún 2005, ni wọ́n ti ń so dráíìfù pọ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì bí tọkọtaya. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí ẹyọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní. Wọ́n kọ ọ́ sínú dráíìfù, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ọpọlọ pánẹ́ẹ̀lì. Bí o bá tan ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì á bi ara wọn léèrè. Bó bá bára mu, eré bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá bára mu, dráíìfù yẹn ìbáà jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́, òkúta ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ dráíìfù tó kú gbọ́dọ̀ ka kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ara èyí àtijọ́, kó sì kọ ọ́ sínú tuntun. Bí èyí àtijọ́ bá ti kú kọjá kíkà, inú ọpọlọ pánẹ́ẹ̀lì ni yóò ti lọ wá a, ìyẹn sì lè gba pé kó jó wáyà mọ́ ibi tí ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kó dé. Fláàṣì là ń pe gbogbo èyí: ká ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ká pa á rẹ́, ká kọ òmíràn sí i.

Ẹni tó fẹ́ fi ayédèrú CD ṣeré ńkọ́? Irin kan náà ló ń lò. Wáyà kan náà. Programmer kan náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ka nǹkan tí a sì fi ń kọ nǹkan sínú dráíìfù, tí owó rẹ̀ kò ju ti bàtà gidi kan lọ. Ibi kan náà ló ń jó o sí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ohun tó kọ sínú dráíìfù. Èmi kọ kọ́kọ́rọ́ onílé padà bó ṣe wà, àgádágodo náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ayédèrú ò lè wọlé. Òun kọ irọ́ sí i, ó ní bí CD ayédèrú bá dé, kí dráíìfù sọ fún pánẹ́ẹ̀lì pé ojúlówó ni. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tí ẹ wo orí tábìlì nìkan, ẹ ò ní mọ olè yàtọ̀. Ẹ ní láti wo inú.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ní ìwà tirẹ̀, tí mo fi ń kọ́ ọmọ. Kí o tó kọ ohunkóhun sí ẹ̀rọ oníṣòro, kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fi èkíní wé èkejì. Bí wọn ò bá dọ́gba délẹ̀délẹ̀, má kọ nǹkan kan, wáyà rẹ ni kò jó dáadáa. Tọ́jú èyí tó dọ́gba síbi méjì, kọ orúkọ oníbàárà sí i. Má ṣe fláàṣì láé lórí iná ìjọba nìkan. Èyí kẹ́yìn yìí, ìyà ló kọ́ mi. Mo ti wà lórí ẹ̀rọ ọmọ kan rí, ó ku díẹ̀ kó parí, iná lọ. Ẹ̀rọ náà kò jí mọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san òmíràn padà fún bàbá rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni báttìrì ńlá ti wà lábẹ́ tábìlì mi, ọmọ iṣẹ́ kankan kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan programmer láìjẹ́ pé ó ti yẹ báttìrì náà wò. Ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tó báyìí, kì í ṣe ọ̀daràn ló ń kọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ko ìṣòro yìí lójú. Ní Ìlú Ọba lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹni tó ń ta ṣíìpù PlayStation 2 tí wọ́n ń pè ní Messiah lẹ́bi. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà. Ọkùnrin kan ní Sydney ń ta ṣíìpù PlayStation, ó sì ń fi í sí ẹ̀rọ fún àwọn ènìyàn, Sony gbé e lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, gbogbo àwọn adájọ́ tó jókòó ló fẹnu kò pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi lábẹ́ òfin bó ṣe wà nígbà yẹn. Ìdí tí wọ́n sọ kò ṣòro: àgádágodo yẹn kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti da CD kọ. Nígbà tí CD bá fi dénú ẹ̀rọ, wọ́n ti dà á kọ tán. Ṣíṣeré ló ń dí lọ́wọ́.

Ohun tí ìjọba Ọsirélíà ṣe lẹ́yìn náà ló wú mi lórí jù. Lọ́dún 2006 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n mú un le sí i, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní àgádágodo tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pín ayé sí àgbègbè àgbègbè fún ọjà fíìmù àti géèmù, òfin kò ní bá a ṣọ́ ọ. Ọkùnrin Súrùlérè ì bá ti rí ibi jókòó sí lábẹ́ òfin yẹn.

Amẹ́ríkà, níbi tí òfin yìí ti le gan-an, ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti òfin wọn ti ọdún 1998, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó, tí ẹnikẹ́ni lè wá sọ ibi tí àgádágodo ti ń pa á lára láìtọ́, Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìkàwé Kọ́ńgíréèsì wọn a sì kéde ohun tí wọ́n yọ̀ǹda. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 wọ́n yọ̀ǹda pé ènìyàn lè kọjá àgádágodo ẹ̀rọ géèmù láti tún dráíìfù rẹ̀ ṣe, bó bá ti lè dá àgádágodo náà padà síbi tó wà lẹ́yìn àtúnṣe. Mo ní kí ọmọ mi tó wà ní yunifásítì kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an ni. Ní 2024 wọ́n tún fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ títà kún ohun tí àtúnṣe rẹ̀ tọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Amẹ́ríkà kò fẹ́ràn àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé kí oníbàárà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá mi, ibo ni? Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, àkókò ìdánilójú rẹ̀ ti parí sí ìlú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó fífi í ránṣẹ́ padà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíràn. Bí àwa kò bá tún un ṣe, ààtàn ló ń lọ, ẹ sì mọ bí ààtàn wa ṣe rí pẹ̀lú òjé àti ike tí wọ́n ń jó nínú afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ ń mí símú.

Wọ́n á tún ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ohun tó lè ṣe. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Sony yọ àyè tí ènìyàn fi lè gbé Linux, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń lo kọ̀ǹpútà, sórí PlayStation 3 kúrò, lórí ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti fi owó ara wọn rà nítorí àyè yẹn. Ẹni tí kò bá gbà kó yọ ọ́, kò ní lè ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹ̀ka ìwádìí ti ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ń kó nǹkan bí 1,760 PlayStation 3 jọ láti fi Linux yẹn sọ wọ́n di kọ̀ǹpútà ńlá kan. Báttìrì kékeré inú PlayStation 4 náà wà níbẹ̀: àwọn ènìyàn rí i pé bó bá kú, tí ẹ̀rọ kò sì lè bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, CD tí o ra kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, títí tí wọ́n fi tún un ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Ilé iṣẹ́ náà ṣe dáadáa pé wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo san owó rẹ̀ kò yẹ kó máa dúró de ẹni tó wà ní òkè òkun kó tó lè jí láàárọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ìtàn géèmù ní Amẹ́ríkà sì ṣe ìwádìí lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé nínú àwọn géèmù tó jáde níbẹ̀ ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí ní títà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n han ọmọ rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹnì kan tún ṣe ni yóò fi hàn án.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún rèé, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ kọ ìwé ìlànà kan, ojú ewé kan tó, kó sọ pé pípààrọ̀ dráíìfù tàbí pánẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́, pẹ̀lú dídá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà bó ṣe wà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó sọ pé mímú ojúlówó CD láti ìlú kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ láti ìlú mìíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá gba pé kí àwọn aṣòfin tún nǹkan ṣe kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ, àwa alátùn-únṣe yóò wá jẹ́rìí, pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́, a ó tú u kalẹ̀ níwájú wọn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ bá rán wá sọ́jà sì jẹ́ ẹni tó mọ̀ pé irin tí a fi ń jó òjé kì í ṣe ẹ̀rí olè. Kí wọ́n bèèrè ohun tí a kọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ fi ìlànà náà sí èdè Yorùbá, èdè Ìgbò àti Hausa, torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ọjà Álábà àti ọjà Òtìgbà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò fi gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. A ò lè máa bẹ ìjọba pé kó yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára olè nígbà tí ayédèrú bá ṣì wà lára ògiri wa. Ẹ já a lulẹ̀. Mo mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀, mo ti jẹ ẹ́. Ẹ ra ìwé ńlá kan, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tó wọlé, nọ́ńbà dráíìfù tí ẹ yọ, ti èyí tí ẹ fi sí i, ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀, kí oníbàárà sì buwọ́ lù ú. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni láti Àjọ bá fẹ́ wò ó, kó wá lọ́jọ́ tó bá wù ú, kò nílò láti kọ́kọ́ ránṣẹ́.

Ẹ̀rọ tí ọmọ iṣẹ́ mi tú kalẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ wa. A dà á pọ̀ padà, a fi ọ̀rá wé e kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, a kọ orúkọ ìyá náà sí i lára pẹ̀lú ọjọ́ tó gbé e wá. Mo sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí Àbújá. Ọmọ rẹ̀ ti parí ìdánwò rẹ̀, ó ń yà wá wò lójoojúmọ́ bó bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alátùn-únṣe ẹ̀rọ géèmù kan, Ìkẹjà, Èkó.